Ẹni Tó Ra Jack Russell, Ó Ra Ihò Mọ́ Ọn

Ìkòkò ewúro mẹ́ta ló wà lẹ́yìnkùlé obìnrin náà ní Peckham, lápá gúúsù London. Láàárọ̀ Sátidé kan, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó bá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní dídojúdé. Ibi tó gbin ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ sí ti di kòtò, kòtò náà sì jìn débi pé ìrù funfun kúkúrú kan ṣoṣo ló yọ síta, tó ń jù fìrìfìrì. Ó pe ajá náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìrù ò dúró. Nígbà tí ajá fúnra rẹ̀ wá gbórí sókè, ẹrẹ̀ ti bo imú rẹ̀ dé ojú, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá nǹkan ṣe sí i," ló wí lórí fóònù. "Àwọn ọmọ ní ajá kékeré làwọn fẹ́ rà. Wọn ò sọ fún mi pé katakata ni."

Ẹni tó pè ni ẹni tó ń kọ àròkọ yìí, ọmọ ọdẹ láti Ìsẹ́yìn tó ti ń fi kíkọ́ ajá àti mímú ajá onítajá rìn jẹun ní London fún ọdún 17. Nínú gbogbo ajá tó ń gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, kò sí èyí tí àwọn alájá ń bínú sí tó Jack Russell, kò sì sí èyí tí wọ́n ń fẹ́ràn tó o. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn kì í sábà dùn létí. Ajá yín ò ya ìpáǹle. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ mú ìran rẹ̀ jáde ló ń ṣe. Ẹ ò fún un níṣẹ́, ó wá a fúnra rẹ̀.

Tẹ́ríà ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ajá bẹ́ẹ̀. Inú èdè Faransé ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ilẹ̀ sì ni gbòǹgbò rẹ̀. Ajá inú ilẹ̀ ni wọ́n pè é, kò sì sí àdììtú kankan níbẹ̀: ilẹ̀ ló ń wọ̀.

Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ajá yìí. John Russell ló ń jẹ́, Jack ni àwọn èèyàn rẹ̀ ń pè é. Ọdún 1795 ni wọ́n bí i ní Dartmouth, ní Devon, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ England. Ìtàn tí wọ́n kọ sílẹ̀ nípa rẹ̀ ní pé ní oṣù Karùn-ún ọdún 1819, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Oxford, ó ń rìn gba ọ̀nà abúlé Marston lọ, ló bá pàdé ọkùnrin kan tó ń ta wàrà, tí abo ajá kékeré funfun kan ń tẹ̀ lé e. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa wà lójú àti létí ajá náà lọ́tùn-ún lósì, àmì kan tí kò ju kọ́bọ̀ lọ sì wà nídìí ìrù rẹ̀. Ọmọ yunifásítì yìí ò kúrò níbẹ̀ títí ajá náà fi di tirẹ̀. Trump ni orúkọ ajá ọ̀hún, kò sì bá olóṣèlú kankan tan. Ara rẹ̀ ni Russell ti bẹ̀rẹ̀ ìran ajá tó wá gbórúkọ rẹ̀ káyé.

Àlùfáà yìí fẹ́ràn ọdẹ ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn ará Devon sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣe àlùfáà ní abúlé Swimbridge fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ó ń wàásù, ó ń gẹṣin, ó ń ṣọdẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Nígbà tí wọ́n dá Kennel Club sílẹ̀ ní London lọ́dún 1873, ó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni ọdún 87 ni nígbà tó kú lọ́dún 1883. Ilé ọtí kan ṣì wà ní Swimbridge tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní, èyí tó ṣeé ṣe kó wù ú ju òkúta ibojì lọ.

Iṣẹ́ tó fẹ́ kí ajá rẹ̀ ṣe ló ṣàlàyé gbogbo ara ajá náà. Ọ̀wọ́ ajá ńlá ló máa ń lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tí àwọn ọdẹ á wà lórí ẹṣin lẹ́yìn wọn. Bó bá ti rẹ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, á wọnú ihò. Iṣẹ́ àwọn ajá ńlá parí nìyẹn. Orí wọn lásán ò lè gba ẹnu ihò kọjá. Ajá kékeré ló kàn. Kì í ṣe kó lọ pa kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ o. Bó bá pa á, eré ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Kó lọ dúró níwájú rẹ̀ nínú òkùnkùn ni, kó máa gbó mọ́ ọn, kó má sún mọ́ ọn jù, kó má sì fà sẹ́yìn, títí ara á fi ni kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, tí á fi gba ojú ihò mìíràn jáde.

Ìdí nìyẹn tó fi funfun: kí àwọn ajá ńlá má baà ṣì í mú fún kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bó bá yọ jáde pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ lára. Ìdí nìyẹn tí ohùn rẹ̀ fi le ju ara rẹ̀ lọ: ẹni tó wà lókè gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ láti abẹ́ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àyà rẹ̀ kò fi fẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń fi ọwọ́ méjèèjì ká a lẹ́yìn apá iwájú. Bí àtàǹpàkò bá pàdé lókè tí àwọn ìka sì pàdé nísàlẹ̀, àyà náà á gba inú ihò kọjá. Ní ìlànà Kennel Club, gíga rẹ̀ wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún gíga sì yẹ kó já sí nǹkan bíi kílò kan, tó fi jẹ́ pé èyí tó ga ní 25 á wọn kílò márùn-ún. Ohun tí èèyàn lè fi apá kan gbé ni.

Àmọ́ ìwà tó bá iṣẹ́ náà mu ló ń dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé. Kò sẹ́ni tó lè pàṣẹ fún ajá tó wà nínú ihò. Kò rí ọwọ́ èèyàn, kò gbọ́ ohùn dáadáa, ẹranko tó lè fà á lójú ya sì wà níwájú rẹ̀. Òun nìkan ni yóò pinnu bóyá kó sún síwájú tàbí kó dúró. Láti iye ìran wọ̀nyí wá, èyí tó ń bojú wẹ̀yìn wá ìmọ̀ràn kì í wúlò fún ọdẹ, wọn ò sì mú ọmọ lára rẹ̀. Ẹni tó bá wá ra ọmọ ajá bẹ́ẹ̀ lónìí, tó ń pariwo pé kì í gbọ́ràn, ó dà bí ẹni tó gba awakọ̀ danfó síṣẹ́ tó wá ń bínú pé ó fẹ́ràn hóònù.

Ọmọ ọdẹ tó ń kọ èyí ò ṣàjèjì sí ọ̀rọ̀ ihò. Ní Ìsẹ́yìn, bàbá rẹ̀ máa ń mú ajá lọ wá òkété. Ajá tirẹ̀ ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ìrù rẹ̀ ká, ṣaworo kékeré sì wà lọ́rùn rẹ̀ kí ọdẹ lè mọ ibi tó gbà nínú igbó. Bó bá gbóòórùn òkété, á ki imú bọ ẹnu ihò, á fi èékánná ha ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta, á wá bojú wẹ̀yìn wo bàbá. Ọkọ́ àti èéfín ló ń ṣe ìyókù. Ìbojúwẹ̀yìn yẹn ni gbogbo ìyàtọ̀. Ajá ọdẹ ilé wa ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀, níbi tí ojú ti ń rójú. Jack Russell á fi èèyàn sílẹ̀ lóde, á wọlé lọ.

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òwe náà dára, àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ pa á ò tíì rí Jack Russell. Kò gbọ́ fèrè lóòótọ́, àmọ́ kò sọnù. Abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń fun fèrè ló wà.

Òǹkọ̀wé yìí fojú ara rẹ̀ rí i, ẹ̀bi ẹ̀ sì ni. Ó ti ń mú ajá oníbàárà kan rìn ní páàkì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ajá náà sì ń wá bó bá ti pè é. Ó gbà pé àwọn ti mọwọ́ ara wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kọkànlá, ó gbé e lọ sí pápá kan ní Kent, ó tú okùn lọ́rùn rẹ̀. Kò tíì ká okùn náà tán lọ́wọ́ tí ajá fi wọ ihò ehoro lábẹ́ ọgbà igi ẹlẹ́gùn-ún. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni. Ní àsìkò yẹn nínú ọdún, aago mẹ́rin ààbọ̀ ilẹ̀ ti ṣú. Ó pè é, ó súfèé, ó na sọ́séèjì sí ẹnu ihò, ó dọ̀bálẹ̀ ó ń bẹ̀ ẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Yorùbá. Ajá ẹni ẹlẹ́ni!

Bàbá àgbẹ̀ kan tó ń ti ẹnu ọ̀nà pápá rẹ̀ ló gbọ́ ariwo. Ó wá, ó wò, ó ní kó pa ẹnu dé. Ó ní bó ṣe ń pariwo yẹn, ajá rò pé ó ń gbè é lẹ́yìn ni. Ó ní kó dojú bolẹ̀, kó fetí lélẹ̀. Òǹkọ̀wé yìí ṣe bẹ́ẹ̀, koríko tútù sì ń gún un létí. Ní nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí ẹnu ihò, lábẹ́ gbòǹgbò, ó gbọ́ ọ: gbì, gbì, gbì, ohùn ajá bí ẹni ń gún iyán nínú ilé kejì. Bàbá náà ní kò gbọdọ̀ wa ilẹ̀ níbẹ̀, torí orí ajá ni iyẹ̀pẹ̀ á wó lé. Ó ní kó bọ́ kóòtù rẹ̀ sí ẹnu ihò kí ajá lè gbóòórùn rẹ̀, kó lọ jókòó, kó dákẹ́. Ó bọ́ kóòtù. Òtútù mú un dé eegun. Ó kọjá aago méje díẹ̀ nígbà tí ajá jáde láti ojú ihò mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ rí, lẹ́yìn wọn gan-an. Ó rìn wá, ó jókòó sórí kóòtù, ó sì tẹjú mọ́ ihò àkọ́kọ́ bí ẹni tó ń bá wọn dúró de nǹkan.

Láti ọjọ́ náà, okùn gígùn mítà mẹ́wàá ni Jack Russell fi ń bá a rìn ní ibi tí ihò bá wà, bó ti wù kó gbọ́ràn tó ní ìgboro. Ó sì ti wá mọ̀ pé orí ló yọ òun: bó bá jẹ́ ihò badger ni, ẹranko olójú dúdú-funfun tí èékánná rẹ̀ lè ya ajá, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Òfin ọdún 1992 ló ń dáàbò bo ihò badger ní England, ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ rán ajá wọ̀ ọ́ ti rú òfin.

Àwọn àgbà tó dàgbà nílé tí giramafóònù wà ti mọ ojú ajá yìí kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Ajá funfun elétí dúdú tó jókòó síwájú ẹ̀rọ, tó dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń gbọ́ ohùn ọ̀gá rẹ̀ lára àwo HMV, Nipper ni. Ọdún 1884 ni wọ́n bí i ní Bristol. Àwọn kan ní Jack Russell ni, àwọn kan ní ó lábùlà. Tẹ́ríà ni ṣá, orúkọ rẹ̀ sì wá látinú bó ṣe máa ń gé àlejò jẹ ní ẹsẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ àkọ́kọ́ kú lọ́dún 1887, Francis Barraud, àbúrò olóògbé, tó jẹ́ ayàwòrán, gbà á tọ́. Nipper kú lọ́dún 1895. Ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ni Barraud ya àwòrán náà, ilé iṣẹ́ Gramophone Company sì rà á lọ́dún 1899 ní £100 lẹ́yìn tó ti fi ẹ̀rọ tiwọn rọ́pò ti ilé iṣẹ́ mìíràn tó kọ́kọ́ yà sí i. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ló ni Zonophone, tó gba ohùn Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, sílẹ̀ nínú àwọn orin ìsìn Yorùbá ní London lọ́dún 1922.

Ẹ̀fẹ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwòrán ajá tó gbọ́ràn jù lọ láyé, tẹ́ríà tó ń gé àlejò jẹ ni wọ́n fi yà á. Ẹni tó bá ti bá Jack Russell gbé rí mọ̀ pé ayàwòrán ló mú un jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó wo fíìmù The Mask ní 1994 á rántí Milo. Jack Russell ni. Àmọ́ méjì tó yẹ ká fi ṣe àríkọ́gbọ́n ni Moose àti Uggie. Moose ló ṣe Eddie nínú eré tẹlifíṣọ̀n Frasier ní Amẹ́ríkà. Kó tó dé ibẹ̀, ilé tí wọ́n ti kọ́kọ́ tọ́ ọ ò lè gbà á mọ́: ó ń họ ilẹ̀, ó ń jẹ nǹkan run, ó ń gbó, ó ń lé ológbò. Wọ́n fà á lé àwọn tó ń kọ́ ẹranko fún fíìmù lọ́wọ́. Uggie náà, àwọn tó kọ́kọ́ ní in ní agídí rẹ̀ ti pọ̀ jù. Omar von Muller, tó ń kọ́ ajá, ló gbà á. Uggie ṣe nínú The Artist lọ́dún 2011, fíìmù náà gba ẹ̀bùn Oscar tó ga jù lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì tẹ àmì àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà sí sìmẹ́ǹtì ní Hollywood. Ajá kan náà ni. Agídí rẹ̀ ò dín kù. Ẹnìkan kàn bá a wá ibi tó máa lò ó sí ni.

Ó yẹ ká dárúkọ Bothy náà, ajá arìnrìn-àjò Ranulph Fiennes àti ìyàwó rẹ̀, tó bá wọn rin ìrìn yíká ayé láàárín 1979 sí 1982, tó sì dé ìkángun ayé ti àríwá àti ti gúúsù. Kò sí ajá tó máa tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí láti 1994 ni wọn ò ti gba ajá láyè ní Antarctica.

Obìnrin Peckham ò ní Hollywood lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ohun tó ní ni igun kan tí oòrùn kì í dé, tí ẹ̀fọ́ ò lè hù dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi pákó mẹ́rin kan àpótí, tó gùn tó mítà kan ààbọ̀, wọ́n da yanrìn sí i dé orókùn. Òǹkọ̀wé yìí ri bọ́ọ̀lù kan mọ́ ibẹ̀ lójú ajá náà, ó fi yanrìn bò ó díẹ̀, ó ní kó lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó rì í jìn sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀yìn ajá ni wọ́n ti ń rì í, á sì lọ fi imú wá a. Bó bá gbẹ́lẹ̀ níbòmíràn, wọn ò pariwo. Wọ́n á gbé e, wọ́n á mú un lọ sínú àpótí. Ìkòkò ewúro, wọ́n gbé e sórí tábìlì. Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló nílò ẹ̀kọ́.

Eré fífa okùn náà dára fún un, kódà pẹ̀lú kíkùn rẹ̀, bó bá ṣáà ti kọ́ láti fi í sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ní kó fi í sílẹ̀. Kí wọ́n fi oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sínú páálí tàbí kí wọ́n ká a mọ́ inú tówẹ̀lì ògbólógbòó, kó wá a. Ìrìn wákàtí kan lójúmọ́ tọ́ sí i, àmọ́ ohun tí òǹkọ̀wé yìí rí ni pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fi imú ṣiṣẹ́ máa ń mú un sùn ju ìrìn gígùn lórí kọ̀ǹkéré lọ. Pàṣán ò wúlò. Ìran rẹ̀ ti kọjú sí eyín kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ nínú òkùnkùn. Ta ni yóò fi bàtà dẹ́rù bà á? Á kàn kọ́ láti ṣe tirẹ̀ nígbà tí ẹ ò bá sí nílé ni.

Ó lè bá ọmọdé gbé, àmọ́ kì í fẹ́ kí wọ́n fa òun létí tàbí kí wọ́n gbé òun lójú oorun. Á gé wọn jẹ kó tó ronú. Ehoro ilé àti eku inú àgò, kí wọ́n má fi ẹ̀mí wọn lé e lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó ń sáré náà ń wù ú lé, bẹ́ẹ̀ ajá tó bá rí mọ́tò tó dúró, ara rẹ̀ ló fi bọ Ògún.

Ọbẹ̀ ni wàhálà tó wọ́pọ̀ jù nílé àwọn ọmọ Yorùbá. Wọ́n á ní ẹran díẹ̀ ni, omi ọbẹ̀ díẹ̀ ni. Ata nìkan kọ́ ni ìṣòro. Àlùbọ́sà, yálà tútù tàbí èyí tó ti jinná mọ́ ọbẹ̀, máa ń ba àwọn èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, ajá kílò mẹ́fà kò sì nílò púpọ̀ kó tó pa á lára. Egungun adìẹ tí wọ́n ti sè máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ mímú. Ṣokoléètì àti èso àjàrà gbígbẹ, májèlé ni. Ọ̀dùnkún tàbí iṣu sísè tí kò ní nǹkan kan lára kò burú, bó bá jẹ́ díẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ìhà rẹ̀: bí ìka ò bá rí egungun kà, ó ti sanra jù.

Irun rẹ̀ kò le tọ́jú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí irun rẹ̀ kúrú tó sì ń dán ló ń gbọn irun sórí àga jù, ní funfun, sórí aṣọ dúdú. Eyín rẹ̀ ń fẹ́ fífọ̀.

Ojú ni kí wọ́n ṣọ́. Àìsàn àjogúnbá kan wà nínú ìran yìí tó máa ń já àwọn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó di jígí inú ẹyinjú mú, tí jígí náà á fi yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ajá bá wà láàárín ọdún mẹ́ta sí mẹ́jọ. Bí ojú bá dédé pọ́n, tó ń ṣomi, tó ń ṣú bí dígí tí èémí bò, tí ajá ń dijú mọ́ ìmọ́lẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ mọ́ ná. Ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an ni, torí ojú náà lè fọ́, èkejì sì lè tẹ̀ lé e. Àyẹ̀wò DNA wà fún un, ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́ a ti ṣe é fún ìyá àti bàbá kó tó mú wọn pàdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni etí: àwọ̀ funfun tó pọ̀ lára ajá máa ń bá ìdití rìn nígbà mìíràn. Òǹkọ̀wé yìí ti bá ilé kan pàdé rí tí wọ́n fi oṣù mẹ́jọ bínú sí ajá tí kì í jẹ́ ìpè, tí dókítà sì sọ fún wọn lẹ́yìn náà pé kò gbọ́ rárá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ìyá ilé ti ń fi iná tọ́ọ̀ṣì pè é wọlé.

Nítorí eku tó ń lé, abẹ́rẹ́ àjẹsára leptospirosis ṣe pàtàkì. Ìtọ̀ eku ló ń gbé àìsàn náà, ó sì lè mú èèyàn pẹ̀lú. Àwọn tó ń sin Jack Russell ní Lékkí tàbí Ìbàdàn ní ti eégbọn láti fi kún un, torí eégbọn ló ń gbin kòkòrò àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ajá, títí tí ẹ̀jẹ̀ á fi gbẹ lára rẹ̀. Kí wọ́n máa wo abẹ́ etí àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un, kí wọ́n sì mú un rìn kí oòrùn tó mú.

Ó máa ń pẹ́ láyé. Àwọn onímọ̀ Royal Veterinary College gbé ìṣirò kan jáde lọ́dún 2022 lórí ajá ilẹ̀ Britain, Jack Russell ló lékè nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọdún 12.7, French Bulldog tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ní 4.5. Kí òbí ro ìyẹn dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ń sunkún pé kí wọ́n ra ajá fóun á ti lọ sí yunifásítì, ìyá rẹ̀ ni ajá á kù sí lọ́wọ́.

Ní England, òfin tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2020 kò gba alágbàtà láyè láti ta ọmọ ajá mọ́: ọ̀dọ̀ ẹni tó sìn ín ni wọ́n ti gbọ́dọ̀ rà á, kí olùrà sì rí ìyá rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ pàdé òun níbi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ má lọ. Microchip náà di dandan láti 2016. Ọ̀rọ̀ orúkọ sì máa ń da àwọn èèyàn rú: Kennel Club kọ́kọ́ gba èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn wọlé lọ́dún 1990, tó ń jẹ́ Parson Russell báyìí, ọdún 2016 ló tó gba Jack Russell ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú. Ìran kan náà ni, àlùfáà kan náà.

Láti oṣù Kejì ọdún 2005 ni òfin ti fòpin sí fífi ọ̀wọ́ ajá lé kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ní England àti Wales. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pàápàá ti di ará ìlú tipẹ́. Ní Peckham, wọ́n ń tú páálí adìẹ díndín lójú títì lóru, wọ́n ń gba orí ọgbà kọjá láti ẹ̀yìnkùlé sí ẹ̀yìnkùlé. Obìnrin náà pe òǹkọ̀wé yìí nígbà kan, aago méjì òru kọjá, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní ọ̀kan dúró sórí fẹ́ǹsì, lókè àpótí yanrìn gan-an. Ajá ti wà lójú fèrèsé, ó nà ró lórí ẹsẹ̀ méjì, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì gbó. Àmọ́ ó ti yí orí padà, ó ń wo òun.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n sọ fún un?"